Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ ẹgbẹ́)



Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí nípa ojúlé tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kàdúná yìí, a mọ ohun tí à ń pè ní háyà ilé. Ohun méjì ni a óò háyà. Èkíní ni orúkọ ojúlé, tí wọ́n ń pè ní dòméènì. Ó dà bí nọ́ńbà ara ilé. Èkejì ni hósítìn, yàrá tí a óò kó ẹrù wa sí. A lè kó kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn kí nọ́ńbà wa má yí padà. Nítorí náà, kò di dandan kí á gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí orúkọ náà kúrú, kí ó ṣeé pè lórí fóònù. Ẹ rántí pé a kì í sábà kọ àmì ohùn sí dòméènì: ọ̀wọ̀, ọwọ́, owó àti òwò, "owo" ni gbogbo wọn yóò dà. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀ wò, kí ó má baà di ohun ẹ̀rín. Ní ti ìparí rẹ̀, .ng ni ti Nàìjíríà, NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ló sì ń bójú tó o. Ọ̀dọ̀ ẹni tí NiRA fọwọ́ sí ni kí á ti gbà á. Fún ẹgbẹ́ bí tiwa, .org.ng yẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ti ṣe akápò ẹgbẹ́ kan rí ní ìlú mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan, ọmọ dáadáa, fi ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ àti yàrá. Nígbà tó yá, ó lọ sí òkè òkun. Ìwé ìkìlọ̀ ń wọlé, kò sí ẹni tó kà á. Owó ọdún kọjá, yàrá bọ́, ẹlòmíràn gba orúkọ. Ìyá àgbà kan ní kí ọmọ-ọmọ òun ṣí àwòrán olóògbé ọkọ òun fún òun, tẹ́tẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwòrán àwọn àgbà tó kọ́kọ́ dé ìlú náà run, a kò ní ẹ̀dà. Ọmọ náà kò jalè. Àwa ni a kò ṣètò.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Kí á fi orúkọ ẹgbẹ́ gba dòméènì, pẹ̀lú ímeèlì ẹgbẹ́ tí kò sí lórí dòméènì náà fúnra rẹ̀. Bí dòméènì bá bọ́, ímeèlì orí rẹ̀ bọ́ pẹ̀lú.

2. Kí alága, akọ̀wé àti akápò mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí ìjòyè bá yí padà, kí á gbé e lélẹ̀ bí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, kí á sì pààrọ̀ rẹ̀.

3. A kì í ra dòméènì títí ayé. Owó ọdọọdún ni. Kí á san ti ọdún mélòó kan pọ̀, kí á kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé ìpàdé, kí á máa kà á ní gbogbo oṣù kìn-ín-ní.

4. Hósítìn kékeré tó wa. Kí á san ti ọdún kan ná, kí á fi mọ ìwà onílé. Kí ẹ̀dà gbogbo ẹrù wa wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

5. Bí ìwé bá dé pé kí á tètè sanwó, kí á kọ́kọ́ bi ẹni tí a ti gbà á.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó tí ẹ ó dá lónìí yóò gba orúkọ; àbójútó yín ni kò ní jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Olúwa yóò bá wa mójú tó o.