Ọdún Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù ní Gánà àti Ọ̀rọ̀ Ọdún Tiwa

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ Híńdù la gbé wá sí ìpàdé Yorùbá ní Bouaké. Àwọn àgbà wa kan ti gbé Gánà rí, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílùú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n bá àwọn oníṣòwò Síńdì, ará Íńdíà, níbẹ̀, àwọn tó gbé ìsìn wọn dání wá sí àjò.

Ohun tó wá jọ wá lójú ni pé àwọn ọmọ Gánà fúnra wọn ń ṣe é. Ọmọ Senya Beraku kan, tí wọ́n ń pè ní Swami Ghanananda Saraswati, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Íńdíà. Òun ló dá ilé ìsìn wọn sílẹ̀ ní Accra ní 1975. Ó kú ní 2016.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Wọn a gbé iná fìtílà yípo níwájú ère, wọn a kọrin, wọn a sì pín oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òòṣà fún àwọn èèyàn. Kò sí ẹran níbẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹun láìsí ẹran! Wọ́n ní Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀, ní October tàbí November. Ṣùgbọ́n ọdún Ganesh, òòṣà tó ní orí erin, ló wù wá jù. Wọ́n á bọ ère rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á wá gbé e lọ sí òkun, wọ́n á rì í sómi. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé arugbá dé odò Ọ̀ṣun rí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé nígbà tí a dá owó ọdún Ògìyán ránṣẹ́ sí Èjìgbò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ wa kan kọ̀, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Àwọn àgbà bínú, ọ̀rọ̀ sì le. A kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni, torí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ láàrin wa. Síbẹ̀, ó dùn wá pé ọmọ tó gbọ́ Faransé àti Júlà dáadáa kò mọ ìdí tí iyán fi wà nínú ọ̀rọ̀ òòṣà ìlú bàbá rẹ̀.

Àbá wa ni pé kí owó ọdún tilé jẹ́ ti ẹni tó bá wù. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa jọ jẹ iyán ọdún níbí, kí àgbà kan pa ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Yorùbá, kí ẹnìkan máa túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Akọ̀wé yóò gba orúkọ àwọn tó máa gún iyán kí a tó túká.