Ifẹ̀ ni àbí Èkó? Bí mo ṣe yan ibi tí mo ti kọ́ Chemical Engineering

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi nínú dáńfó, ẹ di fóònù yín mú dáadáa o.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé yunifásítì wo ló dáa jù fún Chemical Engineering. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nígbà tí mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, ibi mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: OAU ní Ilé-Ifẹ̀, UNILAG ní Akọkà, àti yunifásítì aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Ti aládàáni yẹn ló wù mí jù. Iná wọn kì í lọ, kò sí ìyanṣẹ́lódì, fọ́tò wọn lórí Instagram sì ń dán. Bàbá mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wọn ní Ìkòròdú ká lè rí owó ilé ìwé san.

Àǹtí mi kan tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà ló bi mí pé, "Ṣé COREN fọwọ́ sí i?" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ COREN. Wọ́n ní NUC ló ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. A wo àkójọ COREN. Kọ́ọ̀sì ilé ìwé yẹn ò sí níbẹ̀.

A ṣì lọ wo ibẹ̀. Lábù wọn mọ́ tónítóní. Àǹtí mi bi ẹni tó ń mú wa káàkiri pé ìgbà wo ni wọ́n lo ẹ̀rọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá ṣì wà lára rẹ̀! Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Wọn ò ta ilẹ̀ mọ́.

Ó wá ku Ifẹ̀ àti Èkó. Ọdún 1962 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, ọdún márùn-ún sì ni kọ́ọ̀sì náà ní ibi méjèèjì. Èkó sún mọ́ ilé iṣẹ́, àmọ́ láti Ìkòròdú sí Akọkà lójoojúmọ́, gòsíló á gbẹ̀mí mi. Mo wá rò ó pé mo lè kàwé ní Ifẹ̀, kí n sì wá ṣe IT olóṣù mẹ́fà ní Èkó. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ṣé ó dùn tán? Rárá. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 jẹ oṣù mẹ́jọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ mi tan ẹ̀rọ, mo sì fọwọ́ mi bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo àkójọ COREN, kẹ́ ẹ sì lọ wò ó bóyá ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀rọ wọn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.