Ta Ni Owó Ọjà Wúwo Fún Jù?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò, ní Ẹdẹ

  

Wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí owó ìjọba. A mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ owó òde báyìí, ojú á kọ́rẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. A ò wá gbowó fún ìjọba, a ò sì wá sọ pé ká má san. Ọjà ò lè wà láìsí gọ́tà, láìsí ibi tí a ó da ìdọ̀tí sí, owó ló sì ń ṣe é. Ohun tí a wá bi ara wa ni pé, nínú gbogbo wa tí à ń san án, ta ló wúwo fún jù? Ìdí tí a fi ń bèèrè ni pé a ó tún bá àwọn ará káńsù jókòó lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì yẹ ká ti mọ ohun tí a fẹ́ sọ ká tó débẹ̀. Gbogbo ìgbà ni à ń sọ pé "ẹ bá wa dín in kù". Wọ́n á dín díẹ̀, wọ́n á tún fi í padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦100 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó rọrùn láti ṣírò. Ká ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ kan nìyẹn. Agbowó á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọjà. Á já tíkẹ́ẹ̀tì fún aláta tó gbé bàsíà ata kan kalẹ̀, á tún já a fún ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà kún inú rẹ̀ dé àjà. ₦100, ₦100. Á ní òun ò ṣe ojúsàájú ẹnikẹ́ni. Àbí ibo ni ẹ ti rí ojúsàájú níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò ọ̀hún. Ká ní aláta yẹn jèrè ₦1,000 lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata mọ̀ pé èyí gan-an lè má wọlé tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ata bá rà. ₦100 nínú ₦1,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló lọ yẹn. Ká wá ní ìyá oníṣọ́ọ̀bù jèrè ₦15,000. ₦100 nínú ₦15,000, kò tó náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá pe ọjọ́ ọjà tó wà nínú ọdún ní 300, aláta á san ₦30,000 nínú ₦300,000 tó jẹ lérè. Oníṣọ́ọ̀bù náà á san ₦30,000, àmọ́ nínú ₦4,500,000 ni. Owó kan náà ni, ẹrù kan náà kọ́.

Ọjọ́ tí aláta ò bá wá tà rárá ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ ìyẹn. Ó ti san án láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó orí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó kéré tán lórí ìwé. Òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kéèyàn san owó orí lé lórí lọ́dún. ₦2,200,000 tó bá tẹ̀ lé e, ₦15 ni wọ́n á yọ nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ₦18. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí tó fi dé ₦25 nínú ₦100 fún owó tó bá kọjá ₦50,000,000. (Ẹ má jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn yẹn bà yín lẹ́rù, àwọn onítọ̀hún kì í bá wa jókòó ní ìsọ̀.) Èrè ni òfin sì ń wò o, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ wa kọjá. Ẹni tó ta ọjà ₦100,000 tó sì jèrè ₦4,000, ₦4,000 ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin wa méjèèjì. Aláta tó jèrè ₦300,000 lọ́dún, òfin ní kó má san kọ́bọ̀ ní owó orí. Oníṣọ́ọ̀bù tó jèrè ₦4,500,000, tí a ò bá tíì yọ ohun tí òfin gbà kó yọ kúrò, ₦600,000 ni yóò kàn án. Ẹni tó ní púpọ̀ ló san púpọ̀. A gbọ́ ẹ̀rín yín lẹ́yìn yẹn, a sì mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín: ta ló ń lọ san án nínú wa? Ó délẹ̀, a ó kàn án.

Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹni tí Àbújá wò tó ní ọwọ́ rẹ̀ kò tó owó orí san, òun gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè rẹ̀. Òfin tuntun yẹn, owó orí ló tún ṣe. Owó ìpàtẹ ọjà, ọwọ́ káńsù ló wà. Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti dá mẹ̀kúnnù sí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ kọ tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún agbowó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìjà lásán nìyẹn máa dà.

Àwọn ìyá wa ti fa ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ṣòfin ní Èkó pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó orí. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, ìyá tí kò kàwé, ló ṣíwájú àwọn obìnrin ọjà lọ bá wọn. Pé kí wọ́n fagi lé e pátápátá ni wọ́n fẹ́. Wọn ò rí ìyẹn gbà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà, ìjọba sún ààlà láti £50 lọ sí £200. Ẹ wo ohun tí wọ́n rí gbà yẹn dáadáa. Kì í ṣe pé owó gbogbo èèyàn dín kù ní tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí òwò wọn kéré bọ́ síta pátápátá.

Ti Abẹ́òkúta ni gbogbo yín mọ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń bù lé àwọn obìnrin lórí níbẹ̀ láti 1918, ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lọ sí àfin. Wọn ò kàn sunkún níbẹ̀ o. Wọ́n tọ́ka sí ibi tí owó wà: ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè lára wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Òṣogbo, níbí tí kò jìnnà sí wa, ló sì wá fi ṣe ibùgbé kí wọ́n tó dá a padà ní 1950. Àwọn bàbá wa tó jẹ́ àgbẹ̀ náà ṣe tiwọn ní 1968 sí 1969, ìyẹn Àgbẹ́kọ̀yà. Owó orí olójú kan ni, kòkó so, kòkó ò so. Wọ́n ní òkè mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. £2 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn padà gbà. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ti àwọn àgbẹ̀ yẹn, a ò gbàdúrà irú ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká fẹnu ba owó ojú ọ̀nà. Òfin kan wà tí ìjọba ológun ṣe ní 1998, tó pín irú owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti káńsù lè gbà. Òfin yẹn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ọ̀nà torí àtigba owó. Ìyà rẹ̀ ni ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n bá gba ₦500 lọ́wọ́ dírẹ́bà níbi mẹ́fà kí tòmátì tó dé, ṣé dírẹ́bà ló ń san án? Orí apẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e lé. Alágbàtà á gbé e lé aláta, aláta á sì dín iye tó ń ṣà sórí àwo kù. Ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ni gbogbo owó rẹ̀ ń bá lọ ló máa san án tán.

Nínú òfin 1998 yìí kan náà, káńsù ni wọ́n fún ní owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, àti owó ọjà, àfi ọjà tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n fún ní owó ìforúkọsílẹ̀ ilé ìtajà: ₦10,000 ní ìlú ńlá àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, ₦2,000 àti ₦1,000 ní ìgbèríko. Ẹ rí i? Àwọn sójà gan-an mọ̀ pé ẹni tó wà ní ìlú ńlá àti ẹni tó wà lábúlé ò dọ́gba. Kí ló wá dé tí alátẹ àti oníṣọ́ọ̀bù fi máa dọ́gba?

Ohun tí a fẹ́ gbé lọ síwájú káńsù nìyí. Kí wọ́n pín tíkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà mẹ́ta: alátẹ àti elégbá, oníìsọ̀, oníṣọ́ọ̀bù tó ní ìlẹ̀kùn. Ká ní ọjà kan ní èèyàn 200. Bí gbogbo wọn bá san ₦100, ₦20,000 ni káńsù gbà. Ká ní 120 nínú wọn jẹ́ alátẹ tó san ₦50, ìyẹn ₦6,000. 60 jẹ́ oníìsọ̀ tó san ₦100, ₦6,000 náà ni. 20 jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù tó san ₦400, ìyẹn ₦8,000. Ẹ ròó pọ̀: ₦20,000 géérégé. Káńsù ò pàdánù kọ́bọ̀, wọn ò sì ní rí ìdí tí wọ́n á fi lé wa jáde.

Ó dájú pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn létí ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń san owó ilé, àwọn ń san owó ìforúkọsílẹ̀, àti pé àwìn ló kún ṣọ́ọ̀bù tí ẹ rí yẹn. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹ gbọ́: ₦400 nínú ₦15,000, kò pé ₦3 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláta tó san ₦50 nínú ₦1,000 ṣì san ₦5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹrù rẹ̀ ṣì wúwo ju tiyín lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sì jẹ́ pé òfìfo ni, ẹgbẹ́ lè bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n kà á mọ́ ìsọ̀. Àwọn kan ní àwọn onísọ́ọ̀bù á máa gbé ọjà síta lórí àtẹ kí wọ́n lè san ₦50. Ó ṣeé ṣe, àwa obìnrin ọjà gbọ́n. Ṣebí olórí ìsọ̀ mọ ẹni tó ni àtẹ.

Ohun kejì ni ti ẹni tó ń kiri. Ìlú kan ni Ẹdẹ, káńsù méjì ló wà nínú rẹ̀, Àríwá àti Gúúsù. Ẹni tó ń gbé igbá kiri lè wọ méjèèjì kí oòrùn tó mú. A fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì tó bá já ní ibì kan ṣiṣẹ́ fún un ní ibì kejì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kan yẹn wá kù. Ẹni tó bá ní èrè tó kọjá ààlà owó orí, kó ra ìwé, kó máa kọ ohun tó rà, ohun tó tà, àti owó ọkọ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, òfin gba agbowó orí láyè kó fojú wo ṣọ́ọ̀bù kó sì bu iye tó bá rò, ojú agbowó kì í sì rí àwìn. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ààlà náà kọ tiẹ̀, òun ni yóò fi hàn wọ́n pé kò tó. Ẹni tí kò lè kọ, ọmọ ilé ìwé wà nílé.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò, kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ka iye alátẹ, oníìsọ̀ àti oníṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kó gba tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kan lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán, kó dì í sínú ọ̀rá, kó mú un wá fún akọ̀wé. Ẹni tí agbowó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, kó kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má rán ọmọ wá o. Ẹ wá fúnra yín, kí ẹ wá sọ iye tí ẹ lè gbà, torí a ò ní gbé iye kankan lọ síwájú káńsù tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ nígbà tí a fẹnu kò lé e.