Òkun Ìlàjẹ Kò Jìnnà sí Wa

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ìlú ní Òrè. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Mo mọ̀ pé oòrùn ti ń mú, mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún alága pé ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni òkun dé Òrè?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Igbó la ní, kòkó la ní, títì márosẹ̀ la ní. Àwọn àgbà tó rántí ọdún 1967 mọ̀ pé ogun làwọn èèyàn fi mọ̀ wá, "Ó le kú, ìjà Òrè", kì í ṣe òkun. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀.

Mo bá ìyá mi lọ ra ẹja lọ́jà nígbà tí iléèwé gba ìsinmi. Títúsì inú páálí ni, ó dì bí òkúta. Mo bi ìyá tó ń tà á pé níbo ni ẹja yìí ti wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlú òyìnbó ni. Ti Ìlàjẹ kì í pọ̀ tó mọ́, ó sì ti wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Téèyàn bá kúrò ní Òrè láàárọ̀, tó gba Òkìtìpupa lọ sí Ìgbókòdá, kó tó di ọ̀sán ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sétí òkun. Ìpínlẹ̀ tó ní òkun ni wá, ẹja òkun Yúróòpù la wá ń jẹ. Kí ló dé?

Ohun tó dé ni pé òkun kan ṣoṣo ni, àwọn tó ń fà á pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ka wọn díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àwọn apẹja Ìlàjẹ fúnra wọn, tó jẹ́ pé àtìrandíran ni wọ́n ti ń jẹun níbẹ̀. Ìkejì ni àwọn ọkọ̀ ńlá apẹja tí wọ́n ń pè ní trawler, tó ń wọ́ àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ omi. Òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé wọn kò gbọdọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà 9. Òfin wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn apẹja etí òkun ò yé ké pé wọ́n ń wọlé lóru, wọ́n ń já àwọ̀n àwọn. Ìkẹta ni àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, pẹ̀lú kànga àti páìpù wọn. Ìkẹrin ni èbúté omi jíjìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń lépa láti kọ́ sí Ìlàjẹ. Ìkarùn-ún ni títì etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tó yẹ kó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá. Ìkẹfà ni òkun fúnra rẹ̀, tó ń ga sí i, tó ń jẹ ilẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ nígbà tí mo bá jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí èbúté bá dé Ìlàjẹ, àárín Òrè níbí ni ọ̀pọ̀ tírélà máa gbà, àwọn ọ̀dọ́ wa á rí ṣe. Owó epo inú òkun yẹn náà wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ wa ń ná. Ohun tí mò ń bi ni pé: ta ló kó gbogbo wọn jókòó sójú kan, tó ní kí tibí má ba tọ̀hún jẹ́?

Kò sẹ́ni náà. Ẹni tó ń fúnni níwèé epo, ọ̀tọ̀ ni. NOSDRA tó ń rí sí epo tó bá dà sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. NIMASA tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀tọ̀ ni. Ti ẹja lọ́tọ̀, ti èbúté lọ́tọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Oníkálukú ló ń fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ ní ọ́fíìsì tirẹ̀, orí omi ni gbogbo ìwé náà ti wá ń pàdé.

Ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀yin àgbà mọ Ayétòrò. 1947 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó. Wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní. Lónìí, òkun ti gbé àìmọye ilé lọ níbẹ̀, ó ti wú òkú nínú sàréè. Ní 2004, NDDC gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dá òkun dúró fún kọ́ńtírátọ̀. Ògiri ò dìde. Wọ́n tún un gbé síta fún ẹlòmíì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Títí di báyìí, omi ṣì ń wọlé.

Ọdún 2004 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin owó epo inú òkun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2002 pé epo inú òkun kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ etí òkun. Àwọn gómìnà pariwo, àwọn aṣòfin jókòó, kò pé ọdún méjì tí òfin tuntun fi dé: ibi tí omi ò bá ti jìn ju mítà 200 lọ, ìpínlẹ̀ tó wà létí rẹ̀ máa gba ìpín nínú owó epo ibẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ọ̀rọ̀ owó, kíá ni wọ́n rí ojútùú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri, ó lé lógún ọdún.

Ẹ tún wo Awóyè. Wọ́n gbẹ́ odò síbẹ̀ kí ọkọ̀ iléeṣẹ́ epo lè rí ọ̀nà kọjá. Ibi tí wọ́n gbẹ́ ni omi iyọ̀ gbà wọ àbàtà omi dídùn, igi kú, ẹja omi dídùn náà kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, iná sọ ní kànga epo Ororo-1, kò jìnnà sí Awóyè yìí náà. Iná ọ̀hún kò kú bọ̀rọ̀, ọdún lé ọdún ló fi ń jó lójú omi. Iléeṣẹ́ epo tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀, Owena Oil and Gas, wà lára àwọn tó ní ìpín níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó ṣe rẹfirí ló tún wọ jẹ́sì. Ta ni apẹja fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ ti gbìyànjú tiwọn rí. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún gun orí Parabe, ibi tí Chevron ti ń wa epo lójú òkun, wọ́n ní àyíká àwọn ti bà jẹ́, àwọn ò sì ríṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, sójà fi hẹlikópítà dé. Èèyàn méjì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá 2008 sì ni ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá Chevron láre. Ẹgbẹ́ mi làwọn ọmọ yẹn nígbà náà. Bí mo bá rántí wọn, òwe àwọn àgbà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìbínú nìkan ò tó. Ẹ̀rí la nílò, àti ìjókòó.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe. Ní Australia, òkun ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣòfin fún ní 1975, Great Barrier Reef lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bí ìgbà tí sọ̀fíyọ̀ bá ya pulọ́ọ̀tì: ibí ni kí wọ́n pẹja, ibí ni kí ọkọ̀ gbà, ibí kẹ́nikẹ́ni má mú nǹkankan. Láti 2004, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni wọn kì í mú ẹja. Kí á má tiẹ̀ lọ jìnnà. Ní Ghana níbí, ní 2019, ìjọba ti òkun pa fún oṣù kan, ó sì kan àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré náà, kí ẹja lè rímú mí kó sì bímọ. Kò rọrùn fún apẹja, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni oṣù kan ń gùn fún jù. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sọ ọ́, kálukú mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí.

Ó wá ku bó ṣe kan Odigbó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, odò Olúwa tó ń gba ìjọba ìbílẹ̀ wa kọjá, tó gba Agbabu, níbo ló ń lọ? Ọ̀sà Ìlàjẹ ló ń lọ. Ohun tí a bá dà sí i lókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún. Kẹ́míkà tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja, apakòkòrò tí a fi ń wẹ kòkó tí a wá ń ṣan kẹ̀ǹgbẹ́ rẹ̀ sétí odò, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Àwa náà wà lára àwọn tó ń fa òkun yẹn, a kàn jókòó sókè ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni bitumen wà ní Agbabu, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Láti 1908 làwọn òyìnbó ti gbẹ́lẹ̀ wá a ní agbègbè wa. Ìjọba kan á dé, á ní òun fẹ́ wà á, òmíì á dé, á tún sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, odò Olúwa ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Bí omi bá yí àwọ̀ lọ́jọ́ náà, tí a ní ó bà jẹ́, wọ́n á bi wá pé, "Báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀?" Kí la máa fi dá wọn lóhùn? Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ apẹja Ìlàjẹ nílé ẹjọ́ nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹja ti dín kù, ṣùgbọ́n ta ló kọ iye tí wọ́n ń pa tẹ́lẹ̀ sílẹ̀?

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìpàdé yìí.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ Ìlàjẹ bí wọ́n bá gbà, pé kí ìjọba ya máàpù òkun wa kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn lè rí: ibi kànga, ibi páìpù, ibi ẹja, ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté sí. Kí apẹja àti obìnrin tó ń yan ẹja wà níjòókòó nígbà tí wọ́n bá ń yà á.

Èkejì, kí a fi kún ìwé náà pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ohunkóhun, nínú òkun tàbí ní Agbabu, kó kọ́kọ́ fi owó ìtúnṣe sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kó èrè lọ tán, ó ṣòro láti rí mú.

Ẹ̀kẹta, tiwa nìyẹn. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa ra ìwé kan. Lóṣooṣù, èèyàn méjì á lọ sódò Olúwa ní ojú kan náà, wọ́n á ya fọ́tò omi, wọ́n á kọ àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á béèrè ohun táwọn apẹja pa. Owó ọkọ̀ nìkan la nílò. Kí ẹ̀yin bàbá wa náà sì bá wa bá àwọn tó ń fi kẹ́míkà pẹja wí, torí bí a bá tọ́ka sí ilé iṣẹ́ epo tí ọwọ́ tiwa ò mọ́, wọn ò ní dá wa lóhùn.

Alága bi mí ìgbà wo ni òkun dé Òrè. Èsì mi ni pé, òkun ò tíì dé Òrè, sà, ṣùgbọ́n Òrè ti ń dé òkun lójoojúmọ́.

Odigbó á dára o, ó sì máa ṣojú wa.