Àdán: Má Fọwọ́ Kàn Án, Má Sì Bá A Jagun

  

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àdán. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó ń fò bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kì í yé ẹyin. Ó ní eyín lẹ́nu, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé: "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ." Lónìí, ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ìṣe àdán, kí a sì wo ìṣe tiwa pẹ̀lú rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI NÍ KÉKERÉ

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fi rọ́bà ta àdán lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọjọ́ kan, mo ta ọ̀kan, ó jábọ́. Mo sáré lọ gbé e. Mo rò pé ó ti kú. Kò tíì kú. Ó yí orí padà, ó sì gé mi jẹ ní ìka. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Mo fi ewé nù ún, mo sì dákẹ́.

Kí ló dé tí mo fi dákẹ́? Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi rọ́bà ṣeré mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹgba ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, mo fi ọwọ́ náà pamọ́ títí ó fi jinná. Ìyá mi kò mọ̀. Bàbá mi kò mọ̀.

Kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti mọ ohun tí àdán lè gbé sára, ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá rántí ọjọ́ náà. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

IBI TÍ A TI Ń PÀDÉ ÀDÁN

Àdán tí a sábà máa ń rí pín sí oríṣi méjì. Èyí tó tóbi ń jẹ èso. Ó máa ń so rọ̀ lórí igi ńlá ní ọ̀sán, òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fò lọ wá máńgòrò, ìbẹ́pẹ, gúáfà àti káṣú. Èyí tó kéré ń jẹ kòkòrò. Ó máa ń gbé abẹ́ páànù, inú àjà ilé, tàbí inú ihò igi.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwa àti wọn fi ń pàdé. Àwọn ọmọ wa ń ta wọ́n, wọ́n sì ń fọwọ́ gbé wọn. Àwọn ìyá wa ń kun ẹran wọn ní ilé ìdáná, ẹ̀jẹ̀ ń kan ọwọ́ wọn. A ń ṣa èso tí wọ́n ti jẹ kù. A sì ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú wọn, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ń bọ́ sínú ilé.

KÍ LÓ WÀ LÁRA ÀDÁN?

Àwọn kòkòrò àìsàn kan wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n lè máa gbé ara àdán láìjẹ́ pé àdán ṣàìsàn. Ẹ ó rí i tí ó ń fò, tí ó ń jẹun, tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò náà bá bọ́ sára ènìyàn, nǹkan lè yí padà.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lára àdán ńlá ní Èkó. Orúkọ ìlú Èkó ni wọ́n fi ń pe kòkòrò náà títí di òní. Ẹbí kan náà ni òun àti kòkòrò tó ń fa àìsàn tí à ń kó lára ajá dìgbòlugi. Ẹ̀yin náà mọ àìsàn ajá dìgbòlugi. Bó bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ní ọdún kan tí wọ́n máa ń ṣe, tí àwọn ọkùnrin máa ń wọ inú ihò àpáta lọ mú àdán. A kò fi àṣà ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ní ọdún 2010 àti 2013, àwọn onímọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú ènìyàn 2,112 tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ wọn, 213 ni àdán ti kàn lára rí. Àdán ti gé 52 jẹ. Wọ́n wá bá 203 sọ̀rọ̀ nínú àwọn tí àdán ti kàn lára. Ẹni mẹ́ta péré ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán inú ihò náà wò. Ó lé ní ìdajì wọn tí àmì àwọn ìbátan dìgbòlugi wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn náà wò. Wọn kò rí àmì náà lára ẹnì kankan.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. A kò sọ pé gbogbo ẹni tí àdán bá kàn ni yóò ṣàìsàn. Rárá. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí. Olè lè má wọlé lónìí. Ó lè má wọlé lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ sùn?

BÍ ILẸ̀KÙN BÁ ṢÍ, TÍ OLÈ WỌLÉ

Ní oṣù December ọdún 2013, ọmọ kékeré kan kú ní abúlé Méliandou ní ilẹ̀ Gínì. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ. Ẹ̀bólà ló pa á. Àwọn onímọ̀ tó lọ síbẹ̀ rí igi ńlá kan tó ní ihò nínú, nítòsí ilé ọmọ náà. Àwọn ọmọdé abúlé máa ń ṣeré níbẹ̀, àdán kékeré sì pọ̀ nínú ihò náà. Wọ́n rò pé ibẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ara ọmọ kan yìí, ó kọjá sára àwọn ará ilé rẹ̀. Ó kọjá sára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn àti àwọn tó ń wẹ òkú. Ó dé Liberia àti Sierra Leone. Nígbà tí ó máa fi parí ní ọdún 2016, ó ti pa ènìyàn tó lé ní 11,000. Ní July 2014, arìnrìn-àjò kan gbé e dé Èkó. Ní Nàìjíríà, ènìyàn 20 ló kó o, 8 sì kú nínú wọn, kí wọ́n tó rí i dá dúró ní October ọdún náà.

Abúlé bíi tiwa ni Méliandou. Àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọdé tó ń ṣeré ló wà níbẹ̀.

"BÀBÁ MI JẸ ÀDÁN, Ó SÌ DÀGBÀ KÓ TÓ KÚ"

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí níbi tó jókòó sí. Òótọ́ ni, bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ àdán láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi adẹ́mu léèrè. Ó ti gun ọ̀pẹ ní ìgbà àìmọye láìjábọ́. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gùn, ó máa ń yẹ igbà rẹ̀ wò. Kì í ṣe ojo. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí igbà bá já, ó tán.

ṢÉ KÍ A PA GBOGBO ÀDÁN NI?

Ẹlòmíràn á ní: "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi iná àti èéfín lé gbogbo wọn." Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Uganda. Ní ọdún 2007, àìsàn kan tó jọ Ẹ̀bólà, tí wọ́n ń pè ní Marburg, mú àwọn tó ń wa kùsà ní ihò Kitaka. Àdán pọ̀ nínú ihò náà. Àwọn ènìyàn wá pa àwọn àdán náà run. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2012, àdán tuntun ti padà síbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tó ní kòkòrò Marburg lára ti lé ní ìlọ́po méjì iye ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2012 náà, àìsàn Marburg tún bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda. Ogun tí wọ́n gbé ti àdán kò ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Yàtọ̀ sí èyí, àdán ń bá wa ṣiṣẹ́ láìgba owó. Igi irúgbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, òru ni òdòdó rẹ̀ máa ń ṣí. Àdán ló máa ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀, tí ó ń lọ láti òdòdó kan sí òmíràn, kí igi náà lè so. Ìrókò tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn, àdán ńlá ló ń jẹ èso rẹ̀, tí ó sì ń gbin kóró rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Àdán kékeré ń jẹ kòkòrò tó ń ba ọ̀gbìn wa jẹ́. Bí àdán bá tán, ọbẹ̀ wa àti igbó wa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: fi àdán sílẹ̀ níbi tó wà, kí ìwọ náà sì dúró níbi tìrẹ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní: Ẹ má fọwọ́ gbé àdán, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ ààyè. Àdán tó bá wà nílẹ̀ ní ọ̀sán tí kò lè fò, ó lè jẹ́ aláìsàn. Bí ẹ bá rí òkú rẹ̀, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ fi ọkọ́ náà tì í sínú ihò, kí ẹ bò ó. Bí òkú wọn bá pọ̀ níbì kan, ẹ sọ fún olórí abúlé àti ilé ìwòsàn.

Èkejì: Ẹ má jẹ èso tí eyín àdán bá ti kàn, ẹ má sì fún ọmọ jẹ. Èso tí ó bá dára, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ bó èèpo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀yin adẹ́mu, ẹ bo ẹnu kèrègbè yín ní òru, yálà ọ̀pẹ wà lóòró tàbí ẹ ti gé e lulẹ̀. Ní ilẹ̀ Bangladesh, àdán máa ń lá omi ọ̀pẹ tó ń sun, ó sì ń tọ̀ sí i. Àwọn tó mu ún láìsè ti kó àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Nipah, ọ̀pọ̀ sì kú. Wọ́n wá kọ́ bí a ti ń fi ọparun tí a hun bo ojú igi àti ìkòkò. Àwa náà lè ṣe é.

Ẹ̀kẹrin: Bí àdán bá wà nínú àjà, ẹ dúró di àṣálẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹ rí i pé kò sí ọmọ wọn níbẹ̀, kí ẹ tó dí ihò náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbá ìgbẹ́ wọn, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ́n omi sí i kí eruku má baà sọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ó dára jù kí a má jẹ ẹran àdán. Ẹni tí kò bá tíì lè fi í sílẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ojú tàbí egbò, kí ó sì sè é jinná dénú. Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni mímú un àti kíkun ún.

Ẹ̀kẹfà: Bí àdán bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí ó ha á, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ pé àdán ni. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, nítorí ajá ló ń kó dìgbòlugi ràn wá jù.

Ó wá ku ọ̀kan, òun ló sì wà lọ́kàn mi jù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá sọ pé àdán gé òun jẹ, ẹ má nà án. Ẹ má bú u. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un láti òní pé, "Bó bá ṣẹlẹ̀, wá sọ fún mi, mi ò ní nà ọ́." Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba yóò fi egbò pamọ́. Èmi fi tèmi pamọ́, Ọlọ́run sì yọ mí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tiyín dán an wò.

 

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÓ Ń KA ÌWÉ NÁÀ PAPỌ̀

1. Níbo ni àwọn ọmọ yín ti ń pàdé àdán ní abúlé yín?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn àdán ihò Kitaka run?
3. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe bí àdán bá gé ọmọ jẹ?
4. Ta ni yóò lọ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní alẹ́ òní?