Ahunṣọ tí ó di aláwò

 

Ní kíláàsì ọjọ́sí, bàbá kan sọ fún mi pé ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun kò lè ráyè fún ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa ahunṣọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Dollond ni orúkọ rẹ̀.

Ní London ni wọ́n bí i ní ọdún 1706. Ilẹ̀ Faransé ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti sá wá nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Aṣọ ṣẹ́dà ni ó ń hun. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa kọ́ ìṣirò àti ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀.

Ní 1750, Peter ọmọ rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù awò. Ní 1752, bàbá fi òfì sílẹ̀, ó lọ bá ọmọ ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Mo mọ àwọn bàbá tí kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láé!

Wọ́n ń ṣe awò gígùn tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà, bí ọkọ̀ lórí òkun tàbí òṣùpá. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára awò ìgbà náà. Bí o bá fi wo nǹkan, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè ni yóò yí i ká, kò ní mọ́ gaara. Newton, ọ̀mọ̀ràn ńlá, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí àtúnṣe. John gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ kọ lẹ́tà láti ta ko ẹni tí ó ní àtúnṣe lè wà.

Nígbà tí ó yá, ó ní kí òun fi ọwọ́ ara òun dán an wò. Ó ki dígí bọ inú omi, ó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú wọn kọjá. Ó rí i pé Newton ṣì í, òun náà sì ṣì í. Ó wá mú dígí oríṣi méjì, ó fi ọ̀kan ti èkejì. Àwọ̀ tí ọ̀kan bá yọ, èkejì á pa á rẹ́. Ohun tí a ń wò sì mọ́ kedere.

Ní 1758 ó kọ ọ́ jáde fún gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún náà, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1761.

Ẹnì kan, Chester Moor Hall, ti ṣe irú awò yìí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ jáde. Ní 1766, Peter pe aláwò mìíràn lẹ́jọ́ lórí ìwé àṣẹ bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní ti Hall ni àkọ́kọ́. Peter ni kóòtù dá láre, nítorí bàbá rẹ̀ ni ó fi iṣẹ́ náà han aráyé.