Àwa àti Ọlọ́pàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

 

Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ rán wa ni pé kí a sọ bí àwa ará àdúgbò àti àwọn ọlọ́pàá ṣe lè pa ọwọ́ pọ̀ kí ìlú lè tòrò. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹni ni. Bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ni àwọn tí ń yọ àdá sí ara wọn lóru ní àdúgbò wa, gbólóhùn kan ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ wa ni wọ́n. A mọ orúkọ wọn. A wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a sọ wọ́n lórúkọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìta wa. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní dárúkọ àgọ́ kankan, nítorí pé kì í ṣe ẹjọ́ ni a wá rò. Ìyá àgbà kan wà tí ó ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ilé wa. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan, ó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń kó àdá pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ìyá kò pariwo. Ó lọ bá ọlọ́pàá kan, ó sì sọ ohun tí ó rí fún un ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó san owó rẹ̀ pé, ó sì wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. A gbọ́ pé ẹ lọ dárúkọ wa.” Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá sọ agbada rẹ̀ kalẹ̀, tí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí ó sì lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú.

Oṣù náà kò tíì parí tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀, àdá sì jáde. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ kan, tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ nínú ìjà náà, ni àdá gé ní ìka mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n bèèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Gbogbo ilé tí ó kọjú sí ibẹ̀ ni ó wí pé àwọn ti sùn. Àwa náà wí pé a ti sùn. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, wọ́n kó gbogbo ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ní ìta, àwọn òbí sì ń sá kiri lóru láti wá owó tí wọ́n ó fi gba ọmọ wọn sílẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn tí ó yọ àdá ti kọjá sí òdìkejì afárá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni ó jẹ̀bi? Ọlọ́pàá tí kò lè pa àṣírí mọ́ jẹ̀bi. Àwa tí a rí, tí a wí pé a kò rí, àwa náà jẹ̀bi. Àwọn baba wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A wí pé a ti sùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ náà a kò tíì sùn. Ohun tí a wá sọ kò ju èyí lọ: ìmọ̀ ẹni tí ń da àdúgbò rú wà lọ́wọ́ wa, agbára òfin wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ìfọkàntán ni okùn tí ó lè so méjèèjì pọ̀. Okùn náà ni ó já.

Kì í ṣe àná ni ó já. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọdún kan náà ni wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ 30 jọ. Kì í ṣe ilé wa ni wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọdún 1863 wọ́n di Ẹ̀ṣọ́ Haúsá, nígbà tí ó sì di ọdún 1879, wọ́n ti di ẹgbẹ́ ọlọ́pàá oníbọn tí iye wọn jẹ́ 1,200. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ni ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ yàn, kí ó má baà ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò láàrin wa tí yóò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tí a gbà síṣẹ́. Ọgbọ́n ìjọba ni. Ní ọdún 1896 ni wọ́n dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní ọdún 1930 ni wọ́n da ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ọdún 1964 ni ọmọ ilẹ̀ wa, Louis Edet, kọ́kọ́ di ọ̀gá àgbà pátápátá. Ìjọba ti yí padà, aṣọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn baba ńlá wa fi wo ọlọ́pàá ni àwa náà ṣì fi ń wò ó: ẹni tí ìjọba rán wá, kì í ṣe ẹni tí àdúgbò ní.

Kí ni ó wá ń pa àdúgbò mọ́ nígbà náà? Ojúlùmọ̀ ni. Ọmọ tí ó bá jí ẹja ní Ẹ̀búté Èrò, ìròyìn rẹ̀ yóò ti ṣáájú rẹ̀ dé agboolé. Ṣùgbọ́n àjọ LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó ní ọdún 1955, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọjà ń fẹ̀ sí i, tí ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rù ń gba ipò agboolé. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ń kọjá ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n ti lọ, àwa díẹ̀ ni ó kù pẹ̀lú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò mọ̀, kò lè ṣọ́ ọ.

Síbẹ̀, a kò tíì pàdánù ohun gbogbo. Ẹ wo ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, bí irú èyí tí a ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó bo ojú, tí aṣọ wọn funfun bákan náà, tí ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ìlú mìíràn ì bá máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ ń sọ ibi tí olúkúlùkù ti wá: ti Adímú dúdú, ti Lába pupa, ti Oníkò jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ti Ọlọ́gẹdẹ jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Agẹrẹ jẹ́ elésè àlùkò. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá ṣe ohun tí kò yẹ, a kò nílò láti ṣí ojú rẹ̀. Ilé tí ó ti jáde ni a ó bi, ilé náà ni yóò sì dáhùn. Ìyẹn ni ààbò: pé ilé kan wà tí yóò dáhùn fún olúkúlùkù.

A ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ilé tí yóò dáhùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìwà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn jàǹdùkú ya wọ Ìga Ìdúngànràn, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ jáde sí ìgboro. Wọ́n dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìgbóṣẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì jóná ní àkókò náà. Ọba Rilwan Akiolu, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 2003, ọlọ́pàá ni kí ó tó jọba. Ó ti di olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pátápátá kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ rò ó wò: ààfin, ilé ẹjọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá, ibi mẹ́ta tí ó yẹ kí aláìlágbára lè sá sí. Ẹni tí ó ń fẹ́ ìdájọ́ òdodo kò lè rí i gbà nínú eérú.

Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ wà níbi tí ará ìlú àti ọlọ́pàá yóò ti máa jókòó pọ̀. Ó kà á léèwọ̀ kí a mú ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tí a ń wá. Ó kà á léèwọ̀ kí a ti ènìyàn mọ́lé nítorí gbèsè lásán. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti ọdún 1999 sọ pé níbi tí ilé ẹjọ́ kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, ọjọ́ kan ni a lè fi mú ènìyàn kí a tó gbé e dé iwájú adájọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ṣe òfin ní ọdún 2016 tí ó dá ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn láàrin wa, kí wọ́n sì máa fi ohun tí wọ́n bá rí tó ọlọ́pàá létí. Bí ewu bá dé lójijì, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nọ́ḿbà méjèèjì.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè rìn fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ara wa. Èkíní, kí a sọ ohun tí ojú wa rí, kí a má sì fi ohunkóhun kún un. Ẹni tí ó bá fi ọlọ́pàá gbẹ̀san ọ̀rọ̀ ogún tàbí ọ̀rọ̀ orogún ti sọ òtítọ́ gbogbo wa di ahẹrẹpẹ. Èkejì, kí a má ṣe fi ọmọ tí ó ṣẹ̀ pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọwọ́ wa má ṣe kan táyà àti ẹ̀tù ọkọ̀ nígbà tí a bá mú afurasí. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ni ariwo “Olè!” ti pa, òkú kì í sì í sọ orúkọ àwọn tí ó rán an níṣẹ́.

Ohun mẹ́ta pẹ̀lú ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin ọlọ́pàá. Èkíní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bo orúkọ ẹni tí ó bá bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń bo ìhòòhò yín; ẹnu kan tí kò ní ìdè ti lè pa igba ẹnu mọ́. Èkejì, ẹ wá ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹ má kó gbogbo àdúgbò. Ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹ kọ sára ògiri yín, pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, jẹ́ òtítọ́ nídìí káńtà. Ẹ̀kẹta, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ wa. Ọlọ́pàá tí ó bá mọ orúkọ aládìẹ àti ti aláǹgbàá kò ní ṣi jàgùdà mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni Robert Peel ti dá Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní ọdún 1829. Síbẹ̀ ní ọdún 1982, lẹ́yìn ọdún 153, ará abúlé Mollington ní Cheshire rí i pé àwọn náà ní láti máa fi ojú ṣọ́ ilé ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìṣọ́ àdúgbò tí ó ti tàn ká ilẹ̀ náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. A dúpẹ́ fún owó iná ojú pópó tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pè yín lóru pé wọ́n ti ti àbúrò yín mọ́lé, pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ aláìṣẹ̀, ẹ bá a wá agbẹjọ́rò. Bí ó bá ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dé iwájú adájọ́. Kí ẹ sì tọ́jú owó náà de ọjọ́ tí yóò jáde, kí a fi san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, a gbé àbá méjì kalẹ̀ níwájú ìpàdé yìí. Kí Ẹgbẹ́ yan ènìyàn méje: àgbà méjì, ìyá ọjà méjì, ọ̀dọ́ méjì àti agbẹjọ́rò kan, tí yóò máa bá àwọn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa ṣe ìpàdé ní oṣooṣù. Ẹni tí ó bá rí nǹkan lè sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú wọn; ọ̀rọ̀ yóò dé àgọ́, orúkọ kò ní dé ibẹ̀. Àbá kejì kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù lọ́kàn wa: kí a dìde, àgbà àti ọ̀dọ́, kí a lọ sí Ìkòròdú, kí a bẹ Ìyá wa kí wọ́n padà wálé, kí a sì ṣètò àwọn tí yóò máa jókòó tì wọ́n ní àràárọ̀ títí ẹ̀rù yóò fi kúrò. Ọjọ́ tí Ìyá bá tún gbé agbada ka iná ní ẹ̀bá ilé wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì dẹ́rù bà wọ́n, ni a ó tó mọ̀ pé okùn náà ti so.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ọjọ́ náà. Èkó kò ní bàjẹ́ o.